Ẹ Jẹ́ Ká Béèrè Ohun Tó Pa Wọ́n

  

Ọ̀rọ̀ ọmú ni mo bá wá lọ́tẹ̀ yìí. Jẹjẹrẹ ọmú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kánsà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá, pàápàá àwọn ọkùnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ̀yin ọkùnrin ilé gan-an ni mo fẹ́ kó kà á jù, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Nílé tiwa, bí ọdún bá dé, a máa ń pe orúkọ àwọn tó ti lọ. Mo lè pe mẹ́rìnlá ní ìhà bàbá mi láì dúró mí. Mo mọ ẹni tó jẹ́ ọlọ́ṣun nínú wọn, mo mọ ẹni tó jẹ́ ọdẹ, mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá wá sí Agége nígbà tó jẹ́ pé oko kòkó àti oko obì ló wà níbẹ̀, tí kò tíì sí ilé-iṣẹ́ kankan lọ́nà Ọba Àkran. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé kí ló pa wọ́n, ẹni méjì péré ni mo lè sọ tẹ́lẹ̀: reluwé pa ọ̀kan, èkejì kú lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn méjìlá tó kù, "wọ́n ṣàìsàn" ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé gbogbo nìyẹn. Ó ṣàìsàn, ó lọ.

Dókítà kan ló mú kí n máa béèrè.

Àbúrò mi ni wọ́n ń tọ́jú, ọmọ àbúrò bàbá mi. Ọmọ ọdún 38 ni, ọmọ mẹ́ta ló bí. Fáktírì kan láàrin Ìkẹjà sí Ọ̀gbà ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí. Káṣúà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń jáde ní ṣíìfù òwúrọ̀ ládùúgbò yẹn mọ ohun tí mo ń sọ: ọjọ́ tí o kò bá wọlé, kò sí owó ọjọ́ yẹn, bí o bá sì pa ọjọ́ méjì jẹ tẹ̀léra, ẹlòmíràn ti dúró sí ipò rẹ nídìí ẹ̀rọ. Níbi iṣẹ́ náà ló ti kọ́kọ́ fura. Okùn ẹpíróònù ń há a láyà òsì, ó fọwọ́ kàn án, ó bá kókó kan níbẹ̀, ó tóbi tó awẹ́ obì kan. Kò dùn ún. Nítorí pé kò dùn ún, kò kà á sí.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró síbí díẹ̀, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń bá lọ. A ti mọ́ ara wa lára pé àìsàn tí kò bá dunni, kékeré ni. Ti ọmú kò rí bẹ́ẹ̀. Kókó tí ń dunni bí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, tó sì ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kì í sábà jẹ́ kánsà. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́, tó le, tí kò dunni, òun ló yẹ kó lé èèyàn dìde lọ bá dókítà. Àbúrò mi kò mọ èyí. Ó ra kápúsù lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì àdúgbò. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, ẹnì kan júwe àgbo fún un, ẹlòmíràn júwe ìpara. Oṣù méje kọjá.

Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo fura. A ń pọn omi, mo rí i pé kò lè na apá òsì gbé korobá sókè. Mo ní kí ló ṣe é, ó ní iṣẹ́ fáktírì ni. Mo ní kó wọlé kó ṣí bùbá rẹ̀. Ara ọmú náà ti dà bí èèpo ọsàn, orí ọmú ti wọ inú lọ, kókó mìíràn sì ti wà lábẹ́ abíyá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Kò mẹ́nu ba ikú rárá. Ohun méjì ló sọ: wọ́n á gé e, wọ́n á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

A lọ sọ́dọ̀ babaláwo ilé wa. Wọ́n dá Ifá, wọ́n ní ká rúbọ, a rú u. Bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́, bàbá kò jẹ́ ká jókòó sinmi. Wọ́n ní, "Ẹbọ á ṣe tirẹ̀, ọ̀bẹ dókítà á ṣe tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la ṣú kí ẹ tó débẹ̀." Mo fẹ́ kí àwọn tó máa ń sọ pé ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kì í lọ sílé ìwòsàn gbọ́ èyí. Àwọn tó ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ wà nínú ìsìn gbogbo; mo ti rí ti onígbàgbọ́, mo ti rí ti mùsùlùmí.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú kókó náà lọ fi ṣe àyẹ̀wò. Kánsà ni, ó sì ti dé ipele kẹta nínú mẹ́rin. Ìgbà náà ni dókítà mú bírò, ó ní, "Ta ló tún ní irú rẹ̀ nínú ìdílé yín? Ìyá rẹ ńkọ́? Àwọn àbúrò ìyá rẹ ńkọ́? Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá rẹ lóbìnrin ńkọ́?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, dókítà, kí ló kan bàbá nínú ọ̀rọ̀ ọmú?

Ó kàn án gan-an ni. Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún wa lọ́jọ́ yẹn, àti ohun tí mo ti wá kà lẹ́yìn rẹ̀, ni mo ń sọ fún yín báyìí. Nínú ara ọmọ aráyé, àwọn ohun tíntín kan wà tí a ń pè ní jíìnì. Méjì-méjì ni wọ́n, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ní 1990, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Mary-Claire King fi hàn pé ọ̀kan wà nínú wọn tí ìdílé fi ń jogún kánsà ọmú. Wọ́n rí i mú ní 1994, wọ́n pè é ní BRCA1. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí èkejì rẹ̀, BRCA2. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni láti máa tún ohun tó bá bàjẹ́ nínú ara ṣe. Bí ọ̀kan bá lálèébù, àtúnṣe yẹn kò ní máa lọ bó ṣe yẹ, kánsà sì lè ráyè wọlé, ní ọmú tàbí níbi tí ẹyin obìnrin ń gbé.

Òbí tó bá ní èyí tó lálèébù, bó jẹ́ ìyá, bó jẹ́ bàbá, ó lè fún ọmọ rẹ̀ ní èyí tó dáa, ó lè fún un ní èyí tó bàjẹ́. Ìdajì ni ìdajì. Ẹ rò ó bí ẹni da awẹ́ obì kan ṣoṣo sílẹ̀: ó lè ṣí, ó lè dé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ni a dà á fún lọ́tọ̀, ti ẹ̀gbọ́n kò sọ ohun tí ti àbúrò máa jẹ́. Ọkùnrin lè gbé e káàkiri títí tó fi kú lárúgbó, kí nǹkan kan má ṣe é, nítorí kánsà ọmú kò wọ́pọ̀ lára ọkùnrin, bó tilẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò wá jáde lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ̀yin ọkùnrin má ṣí ìwé yìí kọjá.

Wọ́n sì ti wo ti àwa náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́padé, ọmọ Yorùbá tó kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ìlú mọ̀ọ́ká ní Chicago, òun àti àwọn dókítà UCH Ìbàdàn àti Mary-Claire King tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, jọ ṣe ìwádìí lórí àwọn obìnrin tó wá sí UCH láti 1998 títí di 2014. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Obìnrin 1,136 tó ní kánsà ọmú ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì yẹ ti 997 tí kò ní in wò. Nínú àwọn tó ní in, 167 ló ní jíìnì tó lálèébù, ìyẹn bí ẹyọ kan nínú méje. Nínú àwọn tí kò ní in, 18 péré.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹyọ kan nínú méje ni mo wí. Àwọn mẹ́fà tó kù, wọn kò rí irú àléébù bẹ́ẹ̀ lára wọn. Nítorí náà, ẹni tí kò sí irú rẹ̀ nínú ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa sùn fọnfọn.

Ohun kan tún wà nínú ìwádìí yẹn tó gbọ̀n mí ju ti jíìnì lọ. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ ipele tí àìsàn dé lára 577 nínú àwọn obìnrin náà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá. Nínú 577 yìí, 497 ló jẹ́ pé ipele kẹta tàbí ìkẹrin ni. Mẹ́fà nínú méje. Oṣù méje ti àbúrò mi, òun nìkan kọ́. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2009, lórí obìnrin 507 ní Nàìjíríà àti Senegal, tún fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú kánsà ọmú tiwa ni oríṣi tí kì í gbọ́ oògùn bíi tamoxifen. Irú èyí kì í dúró de èèyàn.

Wọ́n tún tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó ní kánsà ọmú ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà nínú wọn. Láti 2014 sí 2017 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdajì ló ṣì wà láyé. Ní Nàìjíríà, 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn obìnrin Namibia tí kì í ṣe adúláwọ̀, 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Àìsàn kan náà o! Àwọn olùwádìí yìí náà ló ka àwọn ọmọ tí ikú yẹn sọ di aláìníyàá: bí obìnrin ọgọ́rùn-ún tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún bá kú, ọmọ 210 tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ni kò ní ìyá mọ́. Mo ka èyí, mo wo àwọn ọmọ àbúrò mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n sùn sórí ẹní ní pálọ̀ mi.

Ni mo bá gba ọ̀nà Ọ̀rílẹ̀ Agége lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tó dàgbà jù nílé wa, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo bi wọ́n pé ta ló ní egbò ọmú rí nínú ilé yìí. Wọ́n ní kò sẹ́ni. Mo pada lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà lọ, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní kò sẹ́ni. Ìgbà kẹta ni mo yí ìbéèrè náà padà. Mi ò dárúkọ kánsà. Mo ní, "Ìyá, ta ni wọ́n ń fi aṣọ bò láyà kó tó kú?"

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, àbúrò Bàbá Àgbà lóbìnrin, ẹni tó wà nílé ọkọ ní Ìfọ̀. Àwọn ṣì kéré nígbà náà, wọ́n rán àwọn lọ kí i, egbò kan wà láyà rẹ̀ tó ń rùn, wọ́n ń fi ewé bò ó. Nígbà tó kú, ilé ọkọ ló kú sí, wọ́n wá sọ fún wa pé ó ti lọ, ó parí.

Ṣé ẹ rí i? Bí ọmọ-oṣú bá kú, orúkọ rẹ̀ á pada wálé, àìsàn tó pa á kì í bá a bọ̀. Ilé ọkọ ló mọ ọ́n, ilé ọkọ kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwa tí a jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Àwa tí a ń fi ìdílé ṣe gbogbo nǹkan, tó jẹ́ pé ìdílé la fi ń mọ òrìṣà tí a ó bọ, èèwọ̀ tí a ò gbọdọ̀ jẹ, oríkì tí wọ́n á fi kí wa láàárọ̀, ti àìsàn nìkan ló sọnù láàrin wa.

Ìyá wa kò tíì parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀kan tún wà, èyí tí èmi náà mọ̀. Àbúrò wọn obìnrin, tó tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó kú ní 1979, lọ́mọ ọdún 41. Èmi kéré nígbà náà, ohun tí mo sì ń gbọ́ láti kékeré ni pé ìyàwó Bàbá Àgbà kejì ló pa á jẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ọmú ni. Wọ́n pe obìnrin yẹn ní àjẹ́ lójú ọmọ rẹ̀. Òkú náà kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ nílẹ̀ nígbà tó di ẹrù rẹ̀, tó fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́, tó jáde. A kì í pe orúkọ rẹ̀ nígbà ọdún. Orúkọ ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹbí.

Èmi kò sọ pé kò sí ayé o. Ẹni tó ń bọ òrìṣà kò lè ti ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi ìyá wa ní ìbéèrè kan: ta ló dá Ifá sí ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó dá a, ẹnu ni. Ẹ wò ó, a kì í mú ẹran ẹbọ láì béèrè, ṣùgbọ́n a lé ìyàwó ilé jáde láì béèrè.

Ẹ jọ̀ ká to okùn náà. Àbúrò Bàbá Àgbà ní in. Ọmọ Bàbá Àgbà obìnrin ní in. Bàbá Àgbà fúnra wọn kò ní nǹkan kan, ọjọ́ ogbó ni wọ́n kú. Bàbá tó bí àbúrò mi, ọmọ Bàbá Àgbà ni, ara rẹ̀ le koko dòní. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá dùbúlẹ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ló gbà kọjá, bí dókítà ṣe sọ ọ́. Mi ò lè búra pé jíìnì ni, àbúrò mi kò tíì rówó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn, owó rẹ̀ pọ̀. Ìrànlọ́wọ́ wà nínú kéèyàn mọ̀ ọ́n o, nítorí oògùn kan wà tó ń jẹ́ olaparib. Ìwádìí tó jáde ní 2021 fi hàn pé ó ń dín bí kánsà ṣe ń pada wá kù fún àwọn tó ní àléébù BRCA. Owó òun náà kò ṣeé gbọ́ sétí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kò gba kọ́bọ̀.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹbí, ariwo sọ. Àgbà kan ní a kì í pe orúkọ àìsàn burúkú, pé ó lè jẹ́. Wọ́n ní ṣé a kò rí bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe sí Ilẹ̀ẹ́gbóná, tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn, èmi tí mo jẹ́ obìnrin! Mo ní bàbá, òótọ́ ni, wọn kì í dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú mọ ilé tó wà, kò sì sí ọmọ tí wọ́n ń jẹ́ kó lọ ṣeré níbẹ̀. Èdè ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń pè é, wọn kò fi pamọ́. Ti ọmú yìí, ìpamọ́ la fi í pa mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló béèrè èyí tó le jù: ta ni yóò fẹ́ àwọn ọmọbìnrin wa bí wọ́n bá gbọ́ pé irú èyí wà nílé wa? Ìbéèrè tó dáa ni, mi ò rẹ́rìn-ín sí i. A ti ń béèrè jẹ́nótáípù kí a tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀rù sì ti ń bà wá nígbà tí ìyẹn kọ́kọ́ dé. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ìwé tí a ó kọ ọ́ sí kò ní jáde nílé, ọwọ́ obìnrin méjì ni yóò máa wà. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí orúkọ ẹnikẹ́ni wa nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí.

Ní ti àgbo, mo ní ẹnu sọ ọ́, nítorí ìyá mi pàápàá ta ewé lọ́jà Agége. Àgbo wà fún ibà, àgbo wà fún inú rírun, mo ń mu ún. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó nínú ọkọ̀ ní Pen Cinema pé àgbo àwọn ń yọ́ kánsà ọmú, kí wọ́n mú obìnrin kan jáde ká rí, kó mú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ dání, ti kó tó mu ún àti ti lẹ́yìn tó mu ún. Mo ti ń retí rẹ̀.

Wàyí o, iṣẹ́ abẹ. Ohun tó ba àbúrò mi lẹ́rù jù nìyí, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ayé àtijọ́, láti ìgbà dókítà kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Halsted ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí wọ́n bá gé ọmú, wọ́n á gé iṣan àyà mọ́ ọn, wọ́n á sì kó gbogbo kókó abíyá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún. Bernard Fisher ní Pittsburgh ló ní kí àwọn dán an wò bóyá ó pọn dandan. Obìnrin 1,843 ni wọ́n fi ṣe é: wọ́n gé gbogbo ọmú fún àwọn kan, wọ́n yọ kókó nìkan fún àwọn mìíràn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ onítànṣán tẹ̀ lé e fún apá kan nínú àwọn wọ̀nyí. Èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1985, wọ́n tún wò ó lẹ́yìn ogún ọdún, ní 2002: iye àwọn tó wà láyè kò yàtọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá tètè wá, tí kókó rẹ̀ ṣì kéré, wọ́n lè fi ọmú rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹni tó pẹ́ ni ọ̀bẹ ń gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń sá fún gígé ọmú, sísá yẹn gan-an ló ń mú gígé wá.

Ti àbúrò mi, wọ́n kọ́kọ́ fún un ní kíìmò kí kókó náà lè sún kì. Irun rẹ̀ re, èékánná rẹ̀ dúdú, kò lè gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé e. Alẹ́ tó ṣáájú ló bi Ìyá Ọlọ́ṣun wa pé, "Ìyá, bí mo bá tún ayé wá, ṣé láìní ọmú kan ni màá wá?" Ìyá wò ó. Wọ́n ní, "Àwọn tí ẹ̀rọ gé ní ìka ní fáktírì yín, ṣé láìní ìka ni àwọn ọmọ wọn ń bí wọn padà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rẹ́rìn-ín láti oṣù tó ṣáájú.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùn ún, apá rẹ̀ wú díẹ̀. Wọ́n ní kó má fi apá yẹn gbé ẹrù wúwo mọ́, kó sì máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kí apá má bàa gan. Ìtànṣán wá kàn, ó di Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti ṣí ibùdó kánsà tuntun sí LUTH ní 2019. Láti Agége dé ibẹ̀ lójoojúmọ́ iṣẹ́, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ fáktírì lọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe bẹ̀rù. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dúró nídìí ẹ̀rọ ló dá owó jọ fún un ní ìparí oṣù mẹ́rin léraléra, àwọn tí kò tó nǹkan lọ́wọ́ wọn náà. Nísinsìnyí, ó ń ránṣọ nílé. Òun ló ran àpò kékeré tó ń fi sínú kọ́ọ̀sẹ́ẹ̀tì, ó da ọkà bàbà sínú rẹ̀ kó lè wúwo bí ìkejì. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ gba kíìmò ti ní kó rán tiwọn. Ọ̀fẹ́ ló ń rán an.

Nílé wa, àwọn ọmọbìnrin tó ti lé ní ọdún 25 ti lọ fún àyẹ̀wò ọmú, wọn ó sì máa lọ lọ́dọọdún. Wọ́n bá kókó lára àwọn méjì, kókó lásán ni, kì í ṣe kánsà. Ọ̀pọ̀ kókó ni kì í ṣe é. A kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń fi ìka mẹ́ta tẹ́ pẹrẹsẹ wo ọmú àti abíyá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá parí.

Ọ̀kan ló kù, ọmọ ìyàwó tí wọ́n lé jáde. Ọmọ Bàbá Àgbà lòun náà. Awẹ́ obì tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dà á fún un bíi ti àwọn yòókù, ó sì ní ọmọbìnrin méjì. Ó tó oṣù kan ká tó rí ilé rẹ̀, ní Ṣàngó Ọ̀tà. Èmi àti àbúrò mi la lọ. Obìnrin náà ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ojú Bàbá Àgbà gẹ́lẹ́ ló ní. Ó fún wa ní omi, kò fún wa ní obì. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ohun gbogbo, àbúrò mi ṣí bùbá, ó jẹ́ kó rí ojú àpá náà.

Ó wò ó títí. Ó bi wá pé, "Ọmú ló pa ẹ̀gbọ́n mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mọ̀mí. Ó ní ìyá òun lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tó kúrò nílé yẹn, kò sì sí ọdún tí kò sọ pé òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde kí wọ́n wá gbọ́. Mo yọ ìwé náà láti kọ orúkọ wọn. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n tó kọ ti àwọn ọmọ òun, orúkọ ìyá òun ni yóò kọ́kọ́ wọbẹ̀, kí n sì kọ ohun tó pa á sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: ọjọ́ ogbó.